Òṣùwọ̀n Tó Jẹ́rìí Èké sí Àràbà

"Ogún!" ni Kóòṣì kígbe.

"Ogún!" ni gbogbo jíìmù gbè é.

Báyìí ni wọ́n ti máa ń ṣe é níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì nígbà náà. Ẹni tó bá ń múra ìdíje àwọn tó ń fi iṣan ara hàn á bọ́ bàtà, á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, á gun òṣùwọ̀n oníná tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kóòṣì á tẹ̀ ba, á wo iye tó yọ lójú ẹ̀rọ, á sì pè é sókè. Kì í ṣe ìwọ̀n ara o. Iye ọ̀rá tó wà nínú ara náà ni, bí a bá pín ara ọ̀hún sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún. Àwọn yòókù á gbé irin ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á gbè é bí elégbè. Bí iye bá lọ sílẹ̀, àtẹ́wọ́. Bí ó bá lọ sókè, wọ́n á hó yèè, onítọ̀hún á fi ẹ̀rín bo ojú, á sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ìtìjú ló ń lé ènìyàn kúrò nídìí ìkòkò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í ṣe aṣọ tó ń ba gbogbo ara mu.

Àràbà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró gbọn-in lórí òṣùwọ̀n náà, àfi bí ẹni pé bí òun bá dúró pẹ́, ẹ̀rọ á ronú pìwà dà.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni Kóòṣì wí. "Bí o bá sùn síbẹ̀, ogún náà ni."

"Kóòṣì, mọ́kàndínlógún ni lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ bi ọ́. Kí lò ń jẹ?"

"Ohun tí ẹ ní kí n jẹ ni."

"Ohun tí mo ní kí o jẹ ò lè bí ogún."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Kóòṣì," ni Apárí sọ láti ìdí irin rẹ̀. Apárí jẹ́ ọkùnrin kan tí irun ti fi orí rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kò sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí. "Òórùn búrẹ́dì ló ń gbà wọlé láti imú."

Ẹ̀rín gba jíìmù kan. Kóòṣì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú òṣùwọ̀n náà pẹ̀lú aṣọ ìnujú rẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

"Obìnrin kan ṣoṣo ni jíìmù kọ̀ọ̀kan lè mú wá síbi ìdíje," ni ó wí. "O mọ̀. Bí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ bá dé, tí o sì kọjá mẹ́rìnlá, mi ò ní fi orúkọ rẹ ránṣẹ́. Mi ò lè gbé ẹni tó sanra lọ síwájú àwọn adájọ́ kí wọ́n máa bi mí bóyá mo fọ́jú."

Iṣẹ́ búrẹ́dì ni Àràbà ń ṣe. Òun ló ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì kan tí ògiri rẹ̀ ti dúdú fún èéfín, òun náà ló sì ń fi ọ̀pá gígùn kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Àwọn ará jíìmù ló sọ ọ́ ní Àràbà lọ́jọ́ tó gbé irin kan tí àwọn ọkùnrin méjì ti jọ fi sílẹ̀, tó sì wẹ̀yìn tó ní, "Ṣé eléyìí náà ni?" Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ rẹ̀ pàápàá kò pè é lórúkọ mìíràn mọ́.

Èjìká rẹ̀ fẹ̀ láti kékeré. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí garawa omi bá wà nílẹ̀, òun ni wọ́n máa ń pè. Bí àpótí bá wúwo, wọ́n á ní, "Ẹ ké sí olóríkunkun yẹn, apá ń bẹ lára rẹ̀." Gbogbo ayé ló ti ní kí ó fi apá náà gbé nǹkan rí, kò sí ẹni tó ní kí ó gbé apá náà fúnra rẹ̀ sókè kí àwọn wò ó. Ohun tó ń wá níbi ìdíje nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ó dúró níbi tí iná ti tàn, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ wo ara tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí.

Nítorí èyí ló ṣe ń jẹ funfun ẹyin láìjẹ pupa rẹ̀, tó ń jẹ àyà adìẹ tí a bọ́ awọ lára rẹ̀, àti kábéèjì bíbọ̀ tí kò ní iyọ̀. Ó sì ń fi ọgbọ́n kan kún un tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, láti ìgbà tó bá ti jí ni kì í ti í fi omi kan ẹnu. Á dúró níwájú ààrò láti àárọ̀, òógùn á máa dà lára rẹ̀, ètè á gbẹ, ahọ́n á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, kò sì ní mu. Ó rò pé ara tó gbẹ ni ara tó fúyẹ́. Láti ẹnu ààrò ni ó ń lọ tààrà sórí òṣùwọ̀n, tòun ti ìyẹ̀fun lára, tòun ti àtẹ́lẹsẹ̀ tó gbẹ tó sì sán bí ilẹ̀ tí kò rí òjò.

Òùngbẹ wá kún ebi, ebi kún ìbínú, ó di ẹrù ẹlẹ́ẹ̀mẹta lórí ènìyàn kan.

*

Ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ló yà sí. Onígbàjámọ̀ ni ọkọ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn àwàdà, tó máa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ irun kúrò lọ́rùn oníbàárà bí ẹni ń fẹ́ iná.

"Ìyàwó mi! Mélòó?"

"Ẹ má bi mí."

"Ó lọ sókè."

"Mo ní ẹ má bi mí!"

Àwo kékeré kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyàrí, pupa ẹyin ló kún inú rẹ̀. Láti ìgbà tí Àràbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oúnjẹ jẹ, funfun jẹ́ tirẹ̀, pupa jẹ́ ti ọkọ. Ọkọ náà ti yọ ikùn. Ó sì máa ń fọwọ́ gbá a pé, "Ọ̀rá ò sọ nù nínú ilé wa o. Ó kàn kó ẹrù kúrò lọ́dọ̀ rẹ wá bá mi ni." Ìyàwó rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín sí i tẹ́lẹ̀.

"Ẹ gbé ẹyin yẹn kúrò níwájú mi," ni Àràbà wí lọ́jọ́ náà, "kí n tó da ṣọ́ọ̀bù yìí rú mọ́ yín lórí."

Ọkọ gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn, ó fa aṣọ bo fèrèsé, ó ní kí ìyàwó òun bọ́ ẹ̀wù òkè. Ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí dígí ńlá ara ògiri, ó sì fi dígí kékeré lé e lọ́wọ́, èyí tó fi ń jẹ́ kí oníbàárà rí ìpàkọ́ ara rẹ̀.

"Wò ó."

Àràbà wò ó. Ẹ̀yìn tí ó rí nínú dígí méjèèjì kò jọ ẹ̀yìn tó mọ̀. Iṣan tò láti ọrùn dé ìbàdí bí okùn tí a lọ́ pọ̀. Egungun èjìká yọ gọngọ. Níbi tí ọ̀rá ìyá rẹ̀ àti ti ìyá ìyá rẹ̀ ti máa ń jókòó sí, lókè ìdí lọ́hùn-ún, awọ ló lẹ̀ mọ́ iṣan, kò sí nǹkan kan láàárín wọn.

"Ta nìyí?" ni ó bi í, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

"Ìwọ ni. Bí ogún bá wà níbẹ̀, kí ó jáde wá kí n kí i."

"Ojú ọkọ lẹ fi ń wò ó."

"Ojú ọkọ ló ń kọ́kọ́ rí i bí ìyàwó bá sanra. Ẹnu ni kì í lè sọ ọ́."

Àràbà gbé dígí sílẹ̀. "Dígí kì í pe iye. Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú."

"Dígí wo ló ń ṣe ojúsàájú? Bí dígí mi bá ń ṣe ojúsàájú, ṣé Apárí ò ní ti ní irun báyìí?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dé ẹnu, kò jáde. Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tó fi délé, ó ti pinnu pé òun á yọ àyà adìẹ alẹ́ kúrò, kí ó ku funfun ẹyin nìkan. Ènìyàn tí ẹ̀rọ bá pè lólè oúnjẹ, tí kò sì jalè, ara rẹ̀ ni á wá máa fura sí.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n ti kó búrẹ́dì àkọ́kọ́ jáde, ni Àràbà wo ọwọ́ rẹ̀, tí kò rí òrùka ìgbéyàwó.

Òrùka tí ọkọ rẹ̀ fi ọṣẹ tì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni. Ìka náà sanra nígbà yẹn débi pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ìjókòó. Kò bọ́ rí láti ọjọ́ náà, àní nígbà tó lóyún, tó fẹ́ bọ́ ọ, kò bọ́. Ó wá bọ́ fúnra rẹ̀, láìdágbére, nínú ìyẹ̀fun.

"Kí ló dé tí o dúró bí òpó?" ni ọ̀gá ilé búrẹ́dì bi í. Ìyá àgbà kan ni, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fọ́ igi ìdáná.

"Ìyá, òrùka mi ti bọ́ sínú búrẹ́dì."

"Èwo nínú búrẹ́dì?"

"Mi ò mọ̀."

Ọ̀gá wo ògìdìgbó búrẹ́dì gbígbóná tó tò sórí pákó. Ó wo Àràbà. "Mo ti ní kí o máa jẹun. Mo wí, mo tún un wí. Wò ó, ìwọ ọmọ yìí, bí eyín oníbàárà mi bá kán, eyín tìrẹ ni màá yọ fún un. Fà á ya! Gbogbo rẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni Àràbà, ẹni tí kò fi búrẹ́dì kan ẹnu fún oṣù mélòó kan, dúró tó ń fa búrẹ́dì gbígbóná ya lọ́kọ̀ọ̀kan. Èéfín dídùn ń jáde nínú wọn, ó ń gbá a lójú. Ó ń fi ìka tú inú wọn. Inú náà funfun, ó rọ̀ bí òwú, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń ya á, ó ń jù ú sílẹ̀, ó ń mú òmíràn. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, inú sì ń bí i sí òrùka, sí búrẹ́dì, sí Ọlọ́run tó dá àlìkámà. Ó nu ojú pẹ̀lú ọwọ́ tí búrẹ́dì lẹ̀ mọ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àsìkò yìí gan-an ni Apárí wá ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí i. Ó wo búrẹ́dì yíya tó yí i ká, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé ìwẹ̀ bá ènìyàn. Àràbà kò rí i.

Kò sí òrùka nínú búrẹ́dì kankan. Ìgbà tí ọ̀gá fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ ọpọ́n ìpò-ìyẹ̀fun ni wọ́n rí i, tó lẹ̀ mọ́ igun kan níbẹ̀, tó ń wò wọ́n.

*

"Mọ́kànlélógún!" ni Kóòṣì pè lọ́jọ́ Ẹtì.

Wọ́n gbè é. Wọ́n fẹ́ hó, ṣùgbọ́n ìwò ojú Kóòṣì dá wọn lẹ́kun.

"Sọ̀ kalẹ̀, kí o kó báàgì rẹ," ni ó wí.

"Kóòṣì, mo búra…"

"Má búra! Wọ́n rí ọ." Ó nawọ́ sí Apárí láìwo ojú rẹ̀. "Wọ́n bá ọ nídìí búrẹ́dì. Ọwọ́ méjèèjì. Ó wà lẹ́nu rẹ, ó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ. Èmi ń kọ́ ọ láti ọjọ́ yìí, ìwọ ń lọ sẹ́yìn ààrò lọ ń jẹ bí eku."

Àràbà wo Apárí. "O rí mi tí mò ń jẹ búrẹ́dì?"

Apárí ń fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Mo rí ọ tí o ń ya á. Ta ló ń ya búrẹ́dì láìjẹ ẹ́? Ṣé àwọn ẹyẹ lo fẹ́ fún ni?"

"Òrùka mi ni mò ń wá! Òrùka tó bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ìyà tí ẹ fi ń jẹ mí níbí! Ẹ wò ó!" Ó na ọwọ́. Òwú dúdú ni ọkọ rẹ̀ wé mọ́ òrùka náà kí ó má baà tún bọ́. "Ìka tó tín-ín-rín báyìí, ara wo ni ọ̀rá yín wà?"

"Ẹ̀rọ ò mọ ọ̀rọ̀ òrùka," ni Kóòṣì wí. "Mọ́kànlélógún ni ó rí. Ẹni tí ojú rí, tí ẹ̀rọ rí, kí ló kù?"

Ọ̀fun Àràbà ti gbẹ. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ẹ̀rọ omi wà. Ó ṣí i dé ìpẹ̀kun. Ó gbé ẹnu sí i, ó mu. Ó mu bí ẹran tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ó da omi sórí, sí ọrùn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ha ti òsì, ìyẹ̀fun ọjọ́ pípẹ́ ń ṣàn funfun lọ sí ojú gọ́tà. Ó tún mu. Nígbà tó ti mọ̀ pé kò sí ìdíje mọ́, kí ni òun ń tìtorí rẹ̀ gbẹ? Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ nínú omi, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, títí ìbínú náà fi kúrò láyà tó bọ́ sí ẹsẹ̀, tó sì gbé e dìde.

Ó wọlé. Omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gun òṣùwọ̀n.

"Ẹ pè é."

"Àràbà, mo ní kí o kó…"

"Mo mu omi tó pọ̀ tó láti wẹ ọmọ. Mo ti wúwo sí i. Ẹ pè é kí wọ́n gbè é, kí ẹ̀rín yín lè kún dáadáa."

Kóòṣì tẹ̀ ba nítorí kí ó lè tètè parí. Ó wò ó. Ó fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ, ó tún wò ó.

"Mẹ́tàlá," ni ó wí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú ara rẹ̀ ló sọ ọ́ sí.

Kò sí ẹni tó gbè é.

Kóòṣì gbé orí sókè, ẹ̀rín sì ti ń tàn lójú rẹ̀. "Mẹ́tàlá! Ó ti bọ́ sí i! Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un! Mo ní ọ̀nà mi kì í kùnà!"

"Ẹ dúró," ni Àràbà wí. "Kí ni mo ṣe láàárín mọ́kànlélógún àti mẹ́tàlá? Mo mu omi, mo fọ ẹsẹ̀. Ọ̀rá náà dà? Ṣé ó wà nínú gọ́tà lẹ́yìnkùlé? Ẹ jẹ́ ká lọ hú u!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Àràbà sọ̀ kalẹ̀, ó mú báàgì rẹ̀, ó fa épírọ́nì iṣẹ́ rẹ̀ jáde, èyí tí ìyẹ̀fun ti dì sí lápò.

"Apárí, gun un."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ tí ojú ẹ rí. Gun un."

Apárí gùn ún. Mẹ́jọ ni. Gbogbo wọn mọ̀ pé mẹ́jọ ni Apárí, ó máa ń pe iye náà bí ẹni ń pe oríkì. Àràbà ní kí ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn épírọ́nì sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí wọ́n fi funfun bí ẹsẹ̀ òkú, ó ní kí ó tún un gùn.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni ẹnì kan kà láti ẹ̀yìn.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!" ni gbogbo wọn gbè é lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì hó.

"Irọ́ ni!" Apárí fò sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tẹ iná. "Èmi? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Kí ni mo jẹ?"

"Búrẹ́dì," ni Àràbà dá a lóhùn. "Mo rí ọ. Ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ."

Ẹ̀rín náà pọ̀, ṣùgbọ́n Àràbà kò sí nínú rẹ̀. Kóòṣì ló ń wò. Kóòṣì kò rẹ́rìn-ín, kò sì yà á lẹ́nu. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti gún Àràbà lọ́kàn: kò yà á lẹ́nu.

"Ẹ mọ̀," ni ó wí.

Kóòṣì tú aṣọ ìnujú kúrò lọ́rùn, ó tún wé e. "Iná kékeré kan ni ẹ̀rọ náà ń rán. Á gba àtẹ́lẹsẹ̀ kan wọlé, á gba èkejì jáde. Inú omi ara ló ń gbà kọjá. Bí ara bá gbẹ, bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá le, ọ̀nà á dí mọ́ ọn, ẹ̀rọ á sì rò pé ọ̀rá ló dí i. Mi ò mọ̀ pé o kì í mu omi. Mi ò wo ẹsẹ̀ rẹ. Ká sọ pé mo mọ̀…"

"Ẹ mọ̀ pé ó lè ṣìṣe."

"Kò sí ohun tí kì í ṣìṣe."

"Nígbà tí ẹ ń fi ẹ̀mú yín fún awọ wa, kí ẹ tó ra nǹkan yìí, ṣé ó ń ṣìṣe tó báyìí?"

Kóòṣì ní ẹ̀mú kan tẹ́lẹ̀, irinṣẹ́ tó ní ìka méjì bí ẹnu alákàn, tó fi ń mú ìṣẹ́po awọ níkùn, nítan, lẹ́yìn apá, láti mọ bí ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ti nípọn tó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn.

"Ẹ̀yin náà lẹ fà á!" Ohùn Kóòṣì ga lójijì. "Bí mo bá fi ẹ̀mú wọ̀n yín, tí mo ní ẹ sanra, ẹ á ní ọwọ́ mi ló wúwo. Ẹ á ní ojúsàájú ni. Bàbá ẹnì kan wá bá mi jà níbí! Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá sọ ọ́, kálukú á dákẹ́. Mo ra ẹ̀rọ kí n lè sinmi lọ́wọ́ ẹnu yín."

"O sì sinmi," ni Àràbà wí.

Láti ọjọ́ tó ti wọ ibẹ̀, kò fi "o" pe ọkùnrin náà rí, "ẹ" ni.

"O sinmi, èmi ń kú lọ. Mo mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu ara mi nítorí kí o lè sinmi. Mo ń jí lóru, otútù ń mú mi nínú ilé tí àwọn ọmọ mi ti ń làágùn. O pè mí ní eku lójú ènìyàn, o sì mọ̀ pé nǹkan tó wà nílẹ̀ yìí, omi lásán lè yí i lọ́kàn padà. Mú ẹ̀mú rẹ wá. Wọ̀n mí báyìí, lójú gbogbo wọn."

Ó pẹ́ kí Kóòṣì tó rí i nínú àpótí, lábẹ́ àwọn bẹ́líìtì àtijọ́. Ó fún awọ rẹ̀ níkùn, ó fún un nítan, ó fún un lẹ́yìn apá. Ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹnu ẹ̀mú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé ara wọn. Nígbà tó dé òkè ìdí, kò rí ohun tí yóò mú. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì.

"O ti tó ìdíje," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Mi ò gbọ́."

"O ti tó tipẹ́. Ó ti lé lóṣù kan. Kò sí ọ̀rá níbí tí ara rẹ lè jẹ mọ́ dípò oúnjẹ tí mo dín kù yẹn. Iṣan rẹ ló ń jẹ."

*

Kóòṣì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Àràbà lọ. Ó dúró lábẹ́ iná, ó gbé apá náà sókè, wọ́n sì wò ó.

Ipò kẹrin ló wà, àwọn mẹ́ta ni wọ́n sì fún ní ife. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, obìnrin àgbàlagbà kan tí èjìká tirẹ̀ náà ti fẹ̀ nígbà kan, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ta ló ní kí o gbẹ tó báyìí? Egungun tó dára, ìdúró tó dára. Ṣùgbọ́n iṣan ti jò bí bọ́ọ̀lù. Ká ní a rí ọ lóṣù kan sẹ́yìn ni!"

"Lóṣù kan sẹ́yìn," ni Àràbà wí, "wọ́n ní mo sanra, Màmá."

Obìnrin náà wò ó bóyá àwàdà ni.

Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sílé. Lójú ọ̀nà ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ pé wọ́n ní àràbà á wó, àràbà ò wó, ojú ti ìrókò. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó dákẹ́. Ó fi orin náà sílẹ̀, ó ní, "Ṣé kí n máa dá jẹ pupa ẹyin náà lọ ni?"

"Ẹ dán an wò."

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, Àràbà ti ẹnu ààrò wá sí jíìmù bó ti máa ń ṣe, ìyẹ̀fun lápá, nǹkan wíwé kan lábíyá. Kóòṣì rí i, ojú rẹ̀ là. Ó ti gbé òṣùwọ̀n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ̀mú ló gbé kọ́ síbẹ̀, ó sì ti nù ún.

"Àràbà! Mo ti ń ronú nípa ọdún tó ń bọ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tí mo bá ń fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́…"

"Ẹ gbé òṣùwọ̀n yẹn wá."

"A ò lò ó mọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ gbé e wá."

Wọ́n gbé e wá. Ó bọ́ bàtà, ó gùn ún. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbé irin wọn sílẹ̀, àṣà ti mọ́ wọn lára. Apárí sún mọ́ ògiri.

"Ọjọ́ yẹn," ni Àràbà wí, "ẹ pè mí lólè lókè ohùn, gbogbo wọn gbọ́. Ìgbà tí ẹ mọ̀ pé mi ò jalè, nínú ikùn lẹ ti sọ ọ́. Ẹ pè é báyìí bí ẹ ṣe ń pe iye."

Kóòṣì wo ilẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ, níbi tí iye kan ti ń ṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò kà á. Ó nu ètè rẹ̀.

"Kò jẹ búrẹ́dì."

"Bí ẹ ṣe ń pe ogún!"

"Kò jẹ búrẹ́dì!" ni Kóòṣì kígbe.

"Kò jẹ búrẹ́dì!" ni gbogbo jíìmù gbè é, ohùn Apárí sì ga ju ti gbogbo wọn lọ.

Àràbà dúró díẹ̀, ó ń retí kí inú òun rọ̀. Inú kò rọ̀. Oṣù kan kò padà, iṣan kò padà, ife wà nílé ẹlòmíràn. Ó tú nǹkan tó wé. Búrẹ́dì odindi ni, ó ṣì gbóná, èéfín sì yọ lára rẹ̀ bó ti bù ú sí méjì lórí òṣùwọ̀n níbẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì ki í bọ ẹnu. "Ẹ wá wo bí a ti ń jẹ ẹ́."